Àtẹ́lẹ̀ Kì í Ṣe Ẹní Lásán: Àlàyé lórí Èérún Mẹ́táàlì tí a fi ń Yí Ọtí Padà

1.0 Ìfáárà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rin ọ̀nà Èrúwà dé Igbó-Ọrà yóò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í wọ́n ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Àwọn kan ń pè é ní pákí, àwọn mìíràn ń pè é ní gbágùúdá, ṣùgbọ́n ohun tí à ń fi í ṣe kò yàtọ̀: gàrí, láfún, fùfú. Ohun kan wà lára ẹ̀gẹ́ tí a kì í sábà mẹ́nu bà nínú kíláàsì wa. Bí a bá sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, tí a sì fi ìwúkàrà sí ṣúgà náà, ọtí ni yóò dà. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan lè mú nǹkan bíi 150 sí 180 lítà ọtí pọ́ńbélé wá. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé nínú ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2007 lórí epo tí a rí láti ara irè oko, wọ́n dábàá pé kí a máa po irú ọtí yìí mọ́ epo bẹntiróò, kí ó jẹ́ ìdá 10 nínú 100.

Ṣùgbọ́n jíjóná nínú ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ọtí wúlò fún. A lè yí i padà di èròjà tí a fi ń ṣe ọ̀rá àti ike. A lè yí i padà di ohun tí a fi ń po ọ̀dà àti gúlúù, tàbí ohun kíkan tí ó wà nínú fínígà. A sì lè gba háídírójìn lára rẹ̀. Mẹ́táàlì tí a sọ di èérún tín-ín-tìn-ìn-tín ni a sábà máa ń fi ṣe iṣẹ́ yìí, orí nǹkan mìíràn ni a sì máa ń tẹ́ mẹ́táàlì náà sí. Nǹkan mìíràn yìí, èyí tí ojú kì í sábà tó, ni a fẹ́ ṣe àlàyé lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn wa pín sí méjì. Èkíní, láti ọdún 1970 tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá, kò yẹ kí a tún máa jiyàn bóyá a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni pé kí á máa fi í kọ́ ọ dé ibi tí ìmọ̀ náà dé. Èkejì, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 dá lé orí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò dá lé kẹ́mísírì. Iṣẹ́ tí ó kù pọ̀, a kò sì lè sọ ohun kan lórúkọ dáradára bí a kò bá mọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe. Èrò wa ni pé àṣìṣe wà nínú bí a ṣe sábà máa ń ronú nípa àtẹ́lẹ̀, àti pé orúkọ tí a bá yàn fún un lè mú àṣìṣe náà lé sí i tàbí kí ó tún un ṣe.

2.0 Kí ni amúṣẹ́yá?

Amúṣẹ́yá ni ohunkóhun tí ó ń mú kí ìyípadà kan yá kíákíá, ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kò tán nínú iṣẹ́ náà. Kò dà bí igi ìdáná tí ó ń jóná di eérú. Ó sún mọ́ alárinà nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó: ó pa ọkọ àti ìyàwó pọ̀, lẹ́yìn náà ó bọ́ sẹ́yìn, ó sì tún lè lọ ṣe alárinà fún ẹlòmíràn.

Ọtí wà lára àwọn ohun tí ó kọ́kọ́ la ojú àwọn onímọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1820, Edmund Davy ṣe ìyẹ̀fun plátínọ́ọ̀mù kan. Nígbà tí oruku ọtí fẹ́ sí ìyẹ̀fun náà nínú afẹ́fẹ́, ó gbóná títí ó fi pọ́n bí ẹyin iná. Kò pẹ́ sí i tí Döbereiner, ará Jámánì, fi hàn pé lórí irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, ọtí lè di ásíìdì tí ó wà nínú fínígà. Ní 1835 ni Berzelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fún irú iṣẹ́ báyìí ní orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo onímọ̀ ń lò títí di òní.

Ohun tí ẹmu ń fi ọjọ́ mélòó kan ṣe kí ó tó kan ni plátínọ́ọ̀mù yìí ń ṣe ní kíákíá. Àpẹẹrẹ yìí yóò tètè yé ọmọ tí ó ti tọ́ ẹmu àná wò rí.

3.0 Ìdí tí mẹ́táàlì fi gbọ́dọ̀ kéré

Ojú mẹ́táàlì nìkan ni ọtí lè fi ara kàn. Átọ́ọ̀mù tí ó wà ní inú lọ́hùn-ún kò rí iṣẹ́ ṣe. Bí a bá ń gé mẹ́táàlì sí wẹ́wẹ́, ojú tí ó ní yóò máa pọ̀ sí i bí ìwọ̀n rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ kí á wo ìṣirò yìí:

(1) (a) Mẹ́táàlì onígun mẹ́rin dọ́gba, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, ní ojú mẹ́fà. Àpapọ̀ fífẹ̀ ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà alábùú mẹ́rin 6, kò ju ohun tí ó lè bo àtàǹpàkò lọ.

(b) Bí a bá gé mẹ́táàlì kan náà sí wẹ́wẹ́ títí tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fi di nánómítà 1, ìyẹn ni pé kí a pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan kí a sì mú ẹyọ kan níbẹ̀, àpapọ̀ ojú wọn yóò di mítà alábùú mẹ́rin 6,000. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù kan.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń lo èérún tí ó jẹ́ nánómítà méjì, márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Èérún tí ó kéré tó báyìí kì í fẹ́ dá wà. Bí ooru bá ti mú wọn, wọn a máa wọ́ tọ ara wọn, wọn a sì máa dà pọ̀ di ẹyọ ńlá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kán epo pupa ṣe ń para pọ̀ lórí omi gbígbóná. Ojú tí ó tó pápá bọ́ọ̀lù yóò tún sún kì padà. Nítorí èyí ni a fi ń wá ohun tí a ó tẹ́ wọn lé.

4.0 Iṣẹ́ àtẹ́lẹ̀

4.1 Àtẹ́lẹ̀ ń ya èérún sọ́tọ̀

Èyí ni iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ohun tí a fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀ sábà máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Gíráàmù kan péré nínú àlúmínà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí lè ní ojú tí ó tó mítà alábùú mẹ́rin 200. Sílíkà, tí í ṣe ọmọ ìyá yanrìn odò, náà dára fún un. Bákan náà ni èédú tí a ṣe ní àkànṣe, èyí tí a lè rí láti ara èésan tàbí èèpo ẹ̀gẹ́. Èérún mẹ́táàlì yóò fọ́n ká sí orí àtẹ́lẹ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀.

Bí èérún ṣe ń di àyè rẹ̀ mú sì yàtọ̀ láti orí àtẹ́lẹ̀ kan sí òmíràn. Ní ti bàbà, bí ooru bá ti ń kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì, èérún rẹ̀ tètè máa ń para pọ̀ bí àtẹ́lẹ̀ kò bá dì í mú dáradára. Títí dé ìhín, a lè fi àtẹ́lẹ̀ wé ẹní tí a tẹ́ fún àlejò. Ṣùgbọ́n àfiwé náà kò lè bá wa lọ síwájú ju báyìí lọ.

4.2 Àtẹ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó ń pinnu ohun tí ọtí yóò dà

Gbogbo ayé ni ó mọ Igbó-Ọrà sí ìlú ìbejì. Ká ní a bí ìbẹta níbẹ̀, tí a sì fi ọ̀kan sí ilé àgbẹ̀, ọ̀kan sí ilé aláró, ọ̀kan sí ilé olùkọ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò ní jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bàbà ti rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á tẹ́ bàbà sórí àtẹ́lẹ̀ mẹ́ta, kí á sì jẹ́ kí oruku ọtí pọ́ńbélé, C₂H₅OH, máa fẹ́ kọjá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan:

(2) (a) Bàbà lórí sílíkà: sílíkà kì í dá sí ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbà nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé ó ń yọ háídírójìn kúrò lára ọtí. Ohun tí a ó rí jù ni asẹtádíháídì:
C₂H₅OH → CH₃CHO + H₂

(b) Bàbà lórí àlúmínà: ojú àlúmínà ní ibi tí ó ń ṣe bí ásíìdì. Ibi wọ̀nyí ń yọ omi kúrò lára ọtí. Bí ooru bá mọ níwọ̀n, ọtí méjì yóò so pọ̀ di íítà. Bí ooru bá ga sí i, ẹ́tílíìnì tí a fi ń ṣe ọ̀rá ni yóò jáde:
C₂H₅OH → C₂H₄ + H₂O

(d) Bàbà lórí sìkóníà: háídírójìn yóò kúrò lára ọtí gẹ́gẹ́ bí ti (a), ṣùgbọ́n ohun tí ó kù kò ní tètè lọ. Sìkóníà yóò dì í mú títí yóò fi pàdé ọtí mìíràn, àwọn méjèèjì yóò sì so pọ̀ di ẹ́títì ásétéètì, èyí tí a fi ń po ọ̀dà àti gúlúù:
2C₂H₅OH → CH₃COOC₂H₅ + 2H₂

Ó yẹ kí a kíyè sí (2b) gidigidi. Àlúmínà nìkan, láìsí bàbà kankan lórí rẹ̀, lè yọ omi kúrò lára ọtí. Ìtumọ̀ èyí ni pé òṣìṣẹ́ méjì ni ó wà nínú (2b), kì í ṣe ọ̀kan, èyí tí a pè ní ẹní sì wà lára wọn. Ẹni tí ó bá ń wá asẹtádíháídì tí ó sì lọ tẹ́ bàbà rẹ̀ sórí àlúmínà yóò máa di ẹ̀bi ru bàbà ní ibi tí bàbà kò ti jẹ̀bi.

4.3 Àtẹ́lẹ̀ ń fún mẹ́táàlì ní nǹkan, ó sì lè bò ó mọ́lẹ̀

Wúrà kì í dógùn-ún. Nítorí bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó gbà pé ó lè jẹ́ amúṣẹ́yá rere. Ní ọdún 1987, Masatake Haruta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kéde pé bí a bá tẹ́ èérún wúrà tín-ín-tìn-ìn-tín sórí ọ́sáìdì irin tàbí àwọn ọ́sáìdì kan tí ó jọ ọ́, ó lè sọ afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín, èyí tí í ṣe CO, di CO₂ níbi tí ó tutù ju omi dídì lọ. Wúrà kan náà tí a kò tẹ́ sórí nǹkan, tí ó wà ní ẹyọ ńlá, kò lè ṣe é. Kíkéré wúrà náà ní ipa tirẹ̀, àtẹ́lẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Ibi tí wúrà àti ọ́sáìdì ti pààlà ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Denmark tẹ́ wúrà sórí ọ́sáìdì kan tí magnísíọ̀mù àti àlùmíníọ̀mù jùmọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ sọ ọtí tí a bu omi là di ásíìdì inú fínígà.

Àtẹ́lẹ̀ tí ó ń fúnni náà lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ní 1978, Tauster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ́ plátínọ́ọ̀mù àti àwọn mẹ́táàlì olówó iyebíye mìíràn sórí títáníà. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú háídírójìn ní ìwọ̀n ooru 500, mẹ́táàlì náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè di háídírójìn tàbí CO mú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èérún rẹ̀ kò sì para pọ̀. Nígbà tí wọ́n tún fún un ní ọ́síjìn, agbára rẹ̀ padà. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn: títáníà fúnra rẹ̀ ni ó rọra gun orí mẹ́táàlì lọ, tí ó sì bo ojú rẹ̀. Ẹní dìde ńlẹ̀, ó di aṣọ ìbora.

4.4 Àtẹ́lẹ̀ ń pinnu bí amúṣẹ́yá yóò ṣe pẹ́ tó

Bí a bá fẹ́ gba háídírójìn lára ọtí, a ó pa ọtí pọ̀ mọ́ oruku omi:

(3) C₂H₅OH + 3H₂O → 2CO₂ + 6H₂

Níkẹ́ẹ̀lì dára fún iṣẹ́ yìí, kò sì wọ́n tó plátínọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lórí àlúmínà, àwọn ibi tí ó ń ṣe bí ásíìdì tí a sọ̀rọ̀ wọn nínú (2b) yóò máa sọ díẹ̀ lára ọtí di ẹ́tílíìnì. Ẹ́tílíìnì yìí yóò máa di èédú lórí níkẹ́ẹ̀lì, bí ìdí ìkòkò ṣe ń dúdú lórí iná, títí ọ̀nà yóò fi dí. Bí a bá lo magnísíà, tí ìwà rẹ̀ sún mọ́ ti omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹ́tílíìnì yóò dín kù. Bí a bá lo ọ́sáìdì cerium, òun a máa yọ ọ́síjìn lára rẹ̀ fi jó èédú náà dànù, a sì tún gba ọ́síjìn mìíràn padà lára oruku omi.

Àtẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àléébù tirẹ̀. Magnísíà àti ọ́sáìdì níkẹ́ẹ̀lì lè wọ ara wọn ṣinṣin dé ibi pé níkẹ́ẹ̀lì kò ní rí ààyè jáde wá ṣiṣẹ́. Kò sí àtẹ́lẹ̀ tí ó dára fún ohun gbogbo. Ohun tí a ń wá ni ó ń sọ èyí tí a ó yàn.

5.0 Orúkọ wo ni ó yẹ?

Orúkọ mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn fún ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

(4) (a) Àtìlẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó máa ń ti ènìyàn lẹ́yìn, àtìlẹ́yìn kì í sì í ṣe ohun tí a ń tẹ nǹkan lé. Ibi tí nǹkan wà kò hàn nínú rẹ̀.

(b) Agbéró. Ìhun rẹ̀ dára: mọ́fíìmù a- àti àpólà gbé ró. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé àmì ohùn, agbèrò inú gáreejì ni òǹkàwé yóò rí. Ẹ̀kọ́ nípa àmì ohùn ni èyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á kó irú ìdàmú bẹ́ẹ̀ bá olùkọ́ kẹ́mísírì.

(d) Àtẹ́lẹ̀. Ó fi ibi tí nǹkan wà hàn, ó kúrú, ó sì dùn ún sọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń mú ọkàn lọ sí ẹní, ẹní kò sì mọ ohun tí ẹni tí ó sùn lórí rẹ̀ ń lá lálàá.

Èyí tí a fara mọ́ ni (4d), nítorí pé Yorùbá fúnra rẹ̀ ti bá wa wá oògùn àléébù náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fara hàn nínú àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kì í kàn gbé nǹkan dúró lásán. Ó ń di nǹkan mú, ó ń mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, ó sì lè pa dé mọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i mọ́, gẹ́gẹ́ bí títáníà ti ṣe fún plátínọ́ọ̀mù. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Bí olùkọ́ bá fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe àpẹẹrẹ dípò ẹní, orúkọ náà yóò gbé ìtumọ̀ rẹ̀ délé.

A sì dábàá kí a pín in sí méjì: àtẹ́lẹ̀ aláìdásí, bíi sílíkà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mẹ́táàlì ṣe iṣẹ́, àti àtẹ́lẹ̀ alábàáṣe, bí àlúmínà, sìkóníà, títáníà àti ọ́sáìdì cerium. Kí a má ṣe rò pé odi ni ó wà láàárín ìsọ̀rí méjèèjì. Ohun tí kò dá sí ìyípadà kan lè dá sí òmíràn.

6.0 Fún olùkọ́ àti olùdánwò

Kò pọn dandan kí olùkọ́ ní yàrá ìwádìí kí ó tó lè kọ́ni ní èyí. Kí ó mú ṣúgà onígun kan, kí ó ti iná ìṣáná bọ̀ ọ́: ṣúgà yóò máa yọ́, kò ní gba iná dáradára. Kí ó fi eérú ra òmíràn lára, kí ó tún ti iná bọ̀ ọ́: èyí yóò jó. Iṣẹ́ amúṣẹ́yá ti hàn nìyẹn. Kí ó kán epo pupa sí omi gbígbóná nínú abọ́ kan, kí ó sì kán an sí orí yanrìn gbígbẹ nínú abọ́ kejì. Ti orí omi yóò máa para pọ̀, ti orí yanrìn yóò dúró ní àyè rẹ̀. Iṣẹ́ àtẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá kọ (2a) dé (2d) sójú pátákó. Kí ó má ṣe gbé ọtí pọ́ńbélé sún mọ́ iná nínú kíláàsì.

Ní ti aáyan ògbufọ̀, bí àyọkà ìdánwò bá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì fún òye, kì í ṣe fún orúkọ nìkan. Ẹni tí ó kọ àtìlẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí gbólóhùn rẹ̀ fi hàn pé ohun náà ń bá mẹ́táàlì ṣiṣẹ́, sàn ju ẹni tí ó kọ àtẹ́lẹ̀ tí ó sì wá sọ pé kò ju ohun tí a gbé mẹ́táàlì lé lọ. Ẹni kejì yìí ti mọ orúkọ. Kò tí ì mọ ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àtẹ́lẹ̀ ń ya èérún mẹ́táàlì sọ́tọ̀, ó ń bá a pinnu ohun tí ọtí yóò dà, ó lè fún un ní agbára tàbí kí ó bò ó lójú, ó sì ń mú ọjọ́ ayé rẹ̀ gùn tàbí kí ó gé e kúrú. A sì ti dá orúkọ kan lábàá fún un, pẹ̀lú ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ni kí orúkọ náà má bàa ṣi ọmọ lọ́nà.

Ẹ̀gẹ́ kò ní tán ní Ìbàràpá. Bóyá gàrí nìkan ni yóò máa jáde lára rẹ̀, tàbí ọtí, tàbí ohun tí a fi ń ṣe ọ̀rá àti ọ̀dà, lé ọwọ́ àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú wa báyìí dé ìwọ̀n kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá di onímọ̀ kẹ́mísírì lọ́la, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yọrí, ó yẹ kí ó lè rántí ohun tí a kọ́ ọ ní Yorùbá: kí ó tó di ẹ̀bi ru mẹ́táàlì, kí ó kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹ̀.